Nítorí Olùyẹ̀wò, Mo Jẹ́ Kí Ọmọ Ọlọ́mọ Máa Ké

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ kà á tán ná. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣépè fún mi, kó ní sùúrù kó dé ìsàlẹ̀, nítorí kò sí èpè tí ẹ máa ṣẹ́ tí n kò tíì ṣẹ́ fún ara mi.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni mí. Àwọn ọmọdé ni mò ń ṣiṣẹ́ abẹ fún: ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ń rá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ìwé. Èmi náà ni mò ń kọ́ àwọn dókítà kéékèèké níṣẹ́ ní ẹ̀ka wa. Wọ́n sọ mí ní Ọwọ́ Òwú, nítorí pé ọwọ́ mi rọ̀ lára ọmọ. Wọ́n rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, inú mi sì ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Méjì nínú àwọn tí mò ń kọ́ ló kan ìtàn yìí. Ọ̀kan ni ọ̀dọ́bìnrin gíga kan tí a ń pè ní Ìbéèrè. Tí ẹ bá ní kó gbé omi wá, á béèrè bóyá tútù ni àbí gbígbóná, ta ló fẹ́ mu ún, kí ló sì dé tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹni náà. Èkejì ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá. Bí mo bá ní oòrùn yọ lóru àná, á ní òun náà rí i.

Nígbà kan, àwọn olùyẹ̀wò wá wo bí a ṣe ń kọ́ àwọn dókítà wọ̀nyí. Wọ́n ní ẹnu lásán la fi ń kọ́ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ọwọ́ wọn kì í kan ọmọ. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Bí a ò bá ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n máa gba àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ wa, wọ́n á sì kó àwọn dókítà kéékèèké wa lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá sì kó wọn lọ, ẹ̀ka wa ti parí nìyẹn, torí àwọn ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà tọ̀sán tòru.

Olórí ẹ̀ka wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ọjọ́bọ̀ ni olùyẹ̀wò ń bọ̀," ó ní. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rán, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ abẹ ọmọdé. Wọ́n ní ojú ẹ̀ kì í fo nǹkan."

"Kí ló fẹ́ wò?"

"Ó fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, kó máa wò bó o ṣe ń kọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ ni gbogbo wa wà o. Má dójú tì mí."

Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀ka wa nìkan ni mò ń rò. Olórí wa fẹ́ fẹ̀yìn tì láìpẹ́, mo sì ti ń fi ojú inú rí ara mi lórí àga rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ oṣù mẹ́ta kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọkùnrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bámúbámú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Ìpá ló ní. Ihò kan tó yẹ kó ti dí nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kò dí. Bó bá ń sunkún, ìfun á gba ibẹ̀ yọ, ojú ibẹ̀ á wú bí ẹyin kékeré. Bó bá dákẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ọwọ́ rọra tì í padà.

Iṣẹ́ abẹ tó máa dí ihò náà kò le. Ṣùgbọ́n a kì í fi falẹ̀ lára ọmọ ọwọ́, torí ìgbàkígbà ni ìfun náà lè há síta. Bó bá há, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ á kú. Èmi ni mo kọ́ àwọn dókítà wa bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ padà fún mi títí á fi sú wọn: ọmọ ọwọ́ tó bá ní ìpá, ẹ má dá a dúró, bó bá sì le, tó pupa, ẹ má tì í, ẹ gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìpá náà sì yọ sí mi lọ́wọ́. Mo tì í, ó wọlé, mo gbọ́ ìró kékeré tí ìfun máa ń dún bó bá ń padà sílé. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọ orí mi. Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ rí rèé: ẹ̀kọ́ tí a fi ọwọ́ kọ́, kì í ṣe ẹnu. Kò sí ọmọ mìíràn ní wọ́ọ̀dù tí nǹkan rẹ̀ ń yọ tó ń wọlé bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ni mo fẹ́ fi han bàbá náà lọ́jọ́bọ̀?

Ọjọ́ díẹ̀ ni, mo ní lọ́kàn mi. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀?

Mo wá irọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ wa ò ní yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. A kì í fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn ní oògùn oorun iṣẹ́ abẹ, torí èémí rẹ̀. Mo lọ bá ìyá ọmọ. Aránṣọ ni, tépù ìwọ̀nṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó tiẹ̀ ń fi sùn.

"Ìyá, ọmọ wa ní ọ̀fìnkìn díẹ̀," mo ní. "A máa sún iṣẹ́ abẹ síwájú."

"Ọ̀fìnkìn kẹ̀? Imú ẹ̀ gbẹ o, dókítà."

"Ti inú àyà ni. Ẹ̀yin ò lè gbọ́ ọ."

Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ń dun etí mi títí di òní.

Ìbéèrè dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan."

"Ìgbà wo lo ò fẹ́ béèrè?"

"Mo fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ yẹn. Ó mọ́ kedere. Mi ò gbọ́ ọ̀fìnkìn kankan níbẹ̀."

"Ṣé etí tìẹ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ni, àbí tèmi?"

"Tiyín ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká má…"

"Mo ti gbọ́."

Ẹ bá mi wo ìwà: ẹni tí mò ń kọ́ ń dá ẹ̀kọ́ mi padà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní mo ti gbọ́.

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Mo pín ọ̀rọ̀ fún wọn bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé. Ìbéèrè á béèrè bóyá òun lè fi ọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá á ya ẹnu bíi pé kò rí i rí. Ó dá ẹnu yíyà yẹn ṣe títí mo fi ní kó dín in kù, pé kò jọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó jọ ẹni tó rí òkú.

Ṣùgbọ́n kí ìpá tó lè yọ, ọmọ gbọ́dọ̀ sunkún. A máa ní kí ìyá rẹ̀ lọ sinmi níta, a ó fa aṣọ yí ibùsùn ká, ẹnì kan nínú wa á sì fi ìka ta ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Á ké, ìpá á yọ, a ó dúró kó dákẹ́, ẹni tó kàn á tì í. Á tún kan ẹlòmíràn. Bá a ṣe ṣe é lọ́jọ́rú náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì àgbà ṣí aṣọ, ó wò wá.

"Dókítà, ọmọ yìí ti rẹ̀. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ nìyẹn nígbà tí mo kọjá lẹ́ẹ̀kan."

Nígbà tí a ṣe é tán, mo rí i pé ojú ibẹ̀ wú díẹ̀ bí ìfun tilẹ̀ ti wọlé. Mo rí i. Ẹ má jẹ́ kí n sọ fún yín pé n kò rí i. Mo ní ó máa rọlẹ̀ tó bá sùn.

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Mo wọ aṣọ tuntun. Kí n tó lọ dúró de àlejò lẹ́nu ọ̀nà, mo yà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ.

"Ẹ má tíì fún un lọ́mú láàárọ̀ yìí. Àlejò kan fẹ́ wá wò ó."

"Títí dìgbà wo, dókítà?"

"Kò ní pẹ́."

Ó pẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé olùyẹ̀wò bọ̀ dákẹ́ lọ́nà. Olórí ẹ̀ka wa ń lọ síwá sẹ́yìn, ó ń nu ojú rẹ̀. Láti ibi tí a dúró sí, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó burú jù: inú mi dùn sí ẹkún náà. Mo ní ìpá á ti yọ dáadáa kí bàbá tó dé.

Ìyá ọmọ sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Dókítà, ó ti yọ, kò sì wọlé mọ́. Ó ń le."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a fẹ́ kó wà níta."

"Ó ti bì."

"Ebi ló ń pa á."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fún un lọ́mú. Ọmú ti ń dà sí mi láṣọ."

"Ẹ má fún un, ìyá. Ẹ gbọ́ tèmi."

Ó padà. Bó ṣe padà báyìí ni Ìbéèrè dé, kò tiẹ̀ kí olórí ẹ̀ka. "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá báyìí."

Ẹsẹ̀ mi ti yí sọ́nà àtẹ̀gùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ olùyẹ̀wò yọ lẹ́nu géètì, olórí ẹ̀ka sì dì mí lọ́wọ́ mú. "Níbo lò ń lọ?" ó ní. Mo dúró.

Bàbá náà kéré lára, ohùn rẹ̀ kò sókè. Ó bẹ̀ wá pé ká má bínú pé òun pẹ́. "Ẹ ṣe bíi pé mi ò sí níbí," ó ní. "Ẹ máa kọ́ wọn bẹ́ ẹ ṣe máa ń kọ́ wọn."

Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù, ọmọ náà ò ké mọ́. Ó ń kérora. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ètè rẹ̀ gbẹ, ikùn rẹ̀ sì ti wú. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọdé mọ̀ pé ọmọ tó ń ké sàn ju ọmọ tó ń kérora lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ẹnu mi ti ń ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí.

"Lónìí, a máa kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ dá ìpá padà."

Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá ya ẹnu, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi dánra wò. Ó kan Ìbéèrè kó béèrè bóyá òun lè fi ọwọ́ kàn án. Kò béèrè. Ó ṣí aṣọ kúrò lára ọmọ. Ìpá náà pupa, ó ń dán. Ó fi ìka méjì kàn án fẹ́ẹ́, ọmọ náà fò, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Tì í," mo ní.

"Mi ò lè tì í, ọ̀gá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní tó bá pupa, tó le, a ò gbọdọ̀ tì í."

Bàbá tó ní ká ṣe bíi pé òun ò sí sún mọ́ ibùsùn.

"Kí tún ni wọ́n kọ́ ọ?" ó bi í.

"Pé ká gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Pé kò tiẹ̀ yẹ ká jẹ́ kó débí."

"Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí ló dá a dúró?"

Ìbéèrè yíjú sí mi. Kò wò mí bí ọ̀tá. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí tó bá ti béèrè nǹkan, tó ń retí kí n dáhùn. Ká ní mo sọ òtítọ́ níbẹ̀, bóyá n bá ní ìwọ̀nba iyì tó kù fún mi.

"Ọ̀fìnkìn ni," mo ní. "Ó ní ọ̀fìnkìn díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá ní, kíákíá.

"Kò ní ọ̀fìnkìn." Ìbéèrè yíjú sí bàbá náà. "Bàbá, mo gbọ́ àyà ẹ̀. Torí kí ẹ̀yin lè rí i la ṣe fi í sílẹ̀."

Ìyá ọmọ wà lẹ́yìn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí a fà. Ó ń wo bàbá náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ fún un.

"Ṣé àlejò tẹ́ ẹ ní kí n má fún ọmọ lọ́mú torí ẹ̀ rèé?" ó ní.

Bàbá olùyẹ̀wò ti ń gbé ọmọ náà.

Níbi iṣẹ́ abẹ, a jọ fọ ọwọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ọṣẹ bọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣe é. Mi ò lè ṣe é."

Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi. Tirẹ̀ náà ń gbọ̀n, ti ọjọ́ orí. "Ìdí tí mo fi fẹ̀yìn tì nìyí," ó ní. "Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é nílé yìí àfi ìwọ. Mo máa dúró tì ọ́."

Mo mú ọ̀bẹ. Ìbéèrè wà lápá ọ̀tún mi, Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá wà lápá òsì.

"Máa kọ́ wọn," bàbá náà ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe àsìkò…"

"Ẹ̀kọ́ ni mo wá wò. Ohun tó o bá rí, sọ ọ́ fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, omi ń dà lójú mi sínú ìbòmú. Mo ní mo ti débi tó há. Mo ní mo ti tú u. Mo ní ìfun rèé, dúdú ni, kò sì yẹ kó dúdú. A fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó, a sì dúró wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa padà. Nígbà ìdúró yẹn, mo gbàdúrà tí n kò gbà rí láyé mi. Mo ní kí Ọlọ́run gba ọwọ́ mi méjèèjì, kó dá ìfun ọmọ yìí padà.

A ṣí aṣọ. Apá kan ti pọ́n. Apá kejì dúdú síbẹ̀, kórópọ̀n ọ̀tún ọmọ náà sì ti kú pẹ̀lú rẹ̀.

"Kí ló fa èyí?" bàbá náà béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ò fi dé ibẹ̀?"

"Ìfun há."

"Kí ló jẹ́ kó há?"

"A dá a dúró. A sì ń mú un sunkún, a ń tì í léraléra, ojú ibẹ̀ wá wú."

"Ta ló dá a dúró?"

Àwọn dókítà mi méjèèjì gbójú sókè.

"Èmi ni," mo ní. "Kò ní ọ̀fìnkìn. Irọ́ ni mo pa."

"Ó dáa," bàbá náà ní. "Gé èyí tó ti kú kúrò, kó o sì fi bí wọ́n ṣe ń rán an pọ̀ hàn wọ́n."

Mo fi hàn wọ́n. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ náà yè. Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀, mo kọ̀ kí ẹlòmíràn lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìfun tí a gé, kórópọ̀n tí a yọ, irọ́ tí mo pa. Mo retí kó gbá mi létí. Ó jókòó, ó ń ká tépù rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u.

"Ọmú wà láyà mi," ó ní. "Ó ń dà. Ọmọ mi ń wò ó, ó ń ké, mo fi dù ú. Torí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ kúrò níwájú mi, dókítà. Mi ò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀."

Mo kúrò. Mo bá Bẹ́ẹ̀ni-Ọ̀gá nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó fi ojú sí ògiri, ó ń sunkún. "Èmi náà rí i láàárọ̀ pé ó ti ń pupa," ó ní. "Mo ń dúró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." N kò lè bá a wí. Ìyẹn náà, èmi ni mo kọ́ ọ.

Kí bàbá olùyẹ̀wò tó lọ, ó jókòó pẹ̀lú wa ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka.

"Wọ́n ò ní gba àṣẹ ìkọ́ni yín," ó ní. Olórí wa mí kanlẹ̀. "Mo ti yẹ ọ̀pọ̀ ibi wò, mi ò rí ibi tí dókítà kékeré ti mọ iṣẹ́ débi tó fi lè wo ojú ọ̀gá ẹ̀, kó ní rárá." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O kọ́ ọ dáadáa. Má fọwọ́ kan ọmọ kankan mọ́ títí wọ́n á fi pè ọ́."

Ohun tí mo wá rèé, mo rí i gbà. Mo sọkún nílé títí ọkọ mi fi gbé fóònù kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ní òun ò fẹ́ kí n ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa mi. Àga olórí ẹ̀ka ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n pè mí padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ dókítà mìíràn ni mo ń jókòó báyìí, mo ń wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, bí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ de àlejò, ẹ wò ó dáadáa kó má jẹ́ pé ẹni tí ẹ torí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé.

Láìpẹ́ yìí, ìyá aránṣọ gbé ọmọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Ó ti ń jókòó, eyín méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo dìde. Ìyá náà kọjá lára mi, ó gbé ọmọ fún Ìbéèrè. Ìbéèrè fọ ọwọ́, ó fi ọwọ́ pa ọwọ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì wo ojú àpá náà. Ó ní ó ti jinná.

Ni ọmọ bá ké, ebi ń pa á. Kó tó ké lẹ́ẹ̀kejì, ìyá rẹ̀ ti gbà á, ó ti fi ọmú sí i lẹ́nu. Kò wo ọmọ náà. Èmi ló ń wò, kò sì gbójú kúrò títí ọmọ rẹ̀ fi yó.